Ohùn Bàbá

Oríṣìíríṣìí ogún ni bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Òmíràn a fi oko kòkó sílẹ̀, òmíràn a fi ilé, òmíràn a fi gbèsè. Káfíńtà kan ní àdúgbò Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀, kò ní kòkó, ilé rẹ̀ kò sì ju yàrá mẹ́rin lọ. Ogún tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ ni etí tí ó mọ ohùn yàtọ̀ sí ohùn.

Ní àṣálẹ́, bí káfíńtà yìí bá ti gbé ayùn àti òòlù sílẹ̀, giramafóònù ni ó kàn. Orin jùjú I. K. Dáíró ni ó yàn láàyò, ó sì nídìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni Dáíró, tí a bí ní Ọ̀fà ní 1931. Káfíńtà ni bàbá tirẹ̀ náà, òun ni ó sì kan ìlù fún un ní kékeré. Nígbà tí ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá Dáíró lọ́lá ní 1963, bàbá Òkèrèwè ní gbogbo ọmọ káfíńtà ni wọ́n dá lọ́lá.

Àwo kì í yí dé òpin láìdúró. Bí gángan bá ti dá sọ̀rọ̀, bàbá a gbé abẹ́rẹ́ kúrò, a ní, "Kí ni ìlù wí?" Ọmọ a kọ́kọ́ di ẹnu, a kùn ún: dò, re, mí, lẹ́yìn náà ni yóò wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Bàbá a máa kìlọ̀ fún un pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo a máa tan ni jẹ: re mí lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọtí, ó lè jẹ́ igbá. Nítorí náà ni onílù ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀, kí èyí tí ó kẹ́yìn lè túmọ̀ èyí tí ó ṣáájú. Orúkọ àdúgbò wọn a sì máa pa á lẹ́rìn-ín: òkè wà nínú Òkèrèwè, ṣùgbọ́n dò mẹ́rin gbáko ni, ohùn rẹ̀ kò gun òkè rárá.

Ní ọjọ́ ogbó, àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá. Ní ilé ìwòsàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan: re mí, re mí. Àkọ́bí ní owó ni Bàbá ń wí, bóyá èyí tí ó rì mọ́lẹ̀ níbì kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní igbá ni. Ó gbé igbá omi wá, bàbá mi orí. Àbígbẹ̀yìn jókòó ti ibùsùn, ó kùn ún padà: re mí. Ó wá dákẹ́, bí ẹni tí ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo. Bàbá wò ó lójú, ó fi kún un: dò, dò, dò, dò.

Ilé ni. Ilé, Òkèrèwè.

Dókítà kò fẹ́. Àkọ́bí ní ẹni tí ó bá gbé Bàbá kúrò níbẹ̀ ni yóò dáhùn fún ikú rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ní òun yóò dáhùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá lò lórí ibùsùn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, kí ó tó sùn, kí ó má jí mọ́. Àwo Dáíró ń yí lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò sì dá a dúró.

Dáíró náà kú ní 1996. Paul ọmọ rẹ̀ tún àwọn orin bàbá rẹ̀ kọ lọ́nà ti ìgbà tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá Dáíró láyé sì mọ̀ wọ́n. Àbígbẹ̀yìn káfíńtà kò mọ orin í kọ, olùkọ́ ni. Bí ó bá ń kọ́ni ní àmì ohùn, kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mú gègé. A ní kí wọ́n di ẹnu, kí oníkálukú kùn orúkọ àdúgbò tí ó ti wá.

Títí di òní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà kò gbà. Ó ní owó Òkèrèwè náà ń jẹ́ re mí, dò dò dò dò. Àbúrò kì í bá a jiyàn. Ó mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Bàbá wọ ẹnu ọ̀nà ilé, kò kùn ún mọ́.