Èèwọ̀ Tó De Ọba

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbé ẹkún ìyàwó tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá mi àgbà sórí ojúlé wẹ́ẹ̀bù kékeré kan, Linux inú kọ̀ǹpútà mi kọ̀ jálẹ̀. Mo ṣí fáìlì náà sílẹ̀ fún tajá tẹran, mo tún wọlé bíi root, ìyẹn ọba kọ̀ǹpútà. Pàbó ló já sí.

SELinux ló dí ọ̀nà. Àjọ NSA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ọdún 2000. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni fáìlì ló ń pinnu ẹni tó lè kà á. SELinux fi òfin mìíràn lé e: ó so àmì mọ́ fáìlì àti ètò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí òfin kò bá gbà láyè, èèwọ̀ ni, kódà fún ètò tó ń lo agbára root.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa á. Díẹ̀ ló kù kí n ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo rántí pé ohùn Màmá nìyẹn, wọn ò sì sí mọ́. Ṣé kí n lé ọdẹ lọ torí pé ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ni?

Mo ka àkọsílẹ̀ rẹ̀. Inú fódà tèmi ni mo ti kó fáìlì náà wá, àmì ibẹ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀. Mo tẹ restorecon, àmì yí padà, ohùn Màmá sì dún. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má tètè pa á o.