Ìrépé Tí Kò Tó Àtẹ́lẹwọ́

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi tí ẹ ń pè mí ní Alákìísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti táàmù tó kọjá ni mo ti ń jẹ́ orúkọ náà, kò tiẹ̀ dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan ti ń bi mí pé kí ni mò ń rán gan-an nígbà tí àwọn tó kù bá ń jẹun ní bíréèkì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Press Club fún mi láàyè lára ògiri yìí.

Aṣọ ìbora ni mò ń rán. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rà lọ́jà o. Ìrépé aṣọ ni mò ń kó jọ, tí mò ń gé, tí mò ń rán mọ́ra wọn títí wọ́n á fi di odindi. Quilt ni òyìnbó ń pè é. Ìpele mẹ́ta ló máa ń ní: aṣọ onírépé lókè, nǹkan rírọ̀ láàárín, aṣọ lásán nísàlẹ̀, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ àti òwú gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀ lára wọn. Níbi tí òtútù ti ń mú, òwú tàbí irun àgùntàn ni wọ́n ń tẹ́ sí àárín. Ní Ìbàdàn níbí, ta ló fẹ́ fi ooru pa ara rẹ̀? Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ti gbó ni mo fi sí àárín tèmi, ó sì tó.

Télọ̀ ni màmá mi. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù wọn, maṣíìnì méjì, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, àti àpò Ghana-must-go kan lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Inú àpò yẹn ni gbogbo ìrépé ń lọ. Tó bá kún, wọ́n á dáná sun ún lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sun ún mọ́, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n òfin kan wà: aṣọ tó bá ti tó àtẹ́lẹwọ́ àwọn, ti oníbàárà ni. Wọ́n á ká a, wọ́n á fi sínú láílọ́ọ̀nù pẹ̀lú èyí tí wọ́n rán, ẹni tó ni ín á sì gbé e lọ sílé. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ nípa télọ̀, pé ẹ gbé yáàdì mẹ́fà fún wọn, ọmọ wọn á wọ búláòsì nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Màmá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní orúkọ ni àwọn fi ń jẹun, abẹ́rẹ́ kàn ń bá orúkọ ṣiṣẹ́ ni.

Nítorí náà, ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló kàn mí. Bí ẹ bá wá ń bi mí pé ọnà wo ni mo fẹ́ràn jù, òfin màmá mi ló bá mi yàn án, kì í ṣe ojú mi.

Nine Patch ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ló rọrùn jù: ìrépé onígun mẹ́rin mẹ́sàn-án, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta. Mo rán mẹ́rìnlá, ó sú mi. Ó dà bí aṣọ orí tábìlì ní ilé oúnjẹ. Mo fi wọ́n rán ìrọ̀rí.

Log Cabin ni mo wá kàn, ibẹ̀ ni ọkàn mi sì dúró sí. Ìrépé kékeré kan ló máa wà láàárín. Ẹ ó rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ẹ ó yí i, ẹ ó rán òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, títí yóò fi yí ká, lẹ́yìn náà ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni ohun tí àlùmọ́gàjí télọ̀ ń já sílẹ̀ jù lọ! Ínṣì kan ààbọ̀ ni mò ń gé tèmi ní fífẹ̀. Tí mo bá rán an, ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì á wọlé lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á ku ínṣì kan. Bí mo bá yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di ínṣì méje sí méje, ìrépé 13 ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún Maths, ẹ wá ránṣọ wò.

Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó bá kan ara wọn, aṣọ tó mọ́lẹ̀ ni, méjì tó kù, aṣọ tó ṣú. Bí ẹ bá wá tò wọ́n jọ, òjìji á gba àárín ìbora náà kọjá gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹnu yà mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tò ó sílẹ̀.

Abúlé kan wà ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend. Odò yí i ká ní ọ̀nà mẹ́ta. Àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ nínú oko òwú níbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀, Pettway sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń jẹ́ títí dòní, orúkọ olóko tó fi bàbá-ńlá wọn ṣe ẹrú. Àwọn ìyá ibẹ̀ ń fi ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó rán ìbora nítorí òtútù. Ní 2002, wọ́n pàtẹ àwọn ìbora náà ní ilé ọnà ńlá kan ní Houston, lẹ́yìn náà ní New York; ní 2006, àwòrán mẹ́wàá nínú wọn wà lórí sítáǹbù Amẹ́ríkà. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ní ọnà kan tó fara jọ Log Cabin gan-an. Housetop ni wọ́n ń pè é, òrùlé. Èmi ń pe tèmi ní Agboolé, torí pé bí mo ṣe wò ó, yàrá ló yí ojúde ká.

Agboolé mi àkọ́kọ́ kò tóbi, 16 péré ni mo rán pọ̀ fún àwọn ìbejì ilé wa. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sórí okùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé kan. Àǹtí kan tó ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ màmá mi tipẹ́ wá gba aṣọ ẹbí. Bí wọ́n ṣe rí àǹkárá wọn olómi ọsàn lára ìbora náà, wọ́n fà á ya kúrò lórí okùn.

"Ìyá Ìbejì! Ibi tí aṣọ mi ń gbà lọ rèé!"

Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Màmá mi ò pariwo. Wọ́n gbé téèpù sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ìka yín lé e." Kò ju ìka méjì lọ ní fífẹ̀. Wọ́n ní kí a kà á. Mọ́kànlá ni. "Tí a bá tú gbogbo rẹ̀, mà, ṣé ó lè rán fìlà ọmọ ìkókó?" Àǹtí náà ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò bi òun léèrè. Wọ́n gba aṣọ wọn, wọ́n lọ. Títí di ìsinsìnyí wọn ò padà wá, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ń wòran náà sì ti gbé aṣọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ìwọ̀nyẹn lowó tó ń bọ̀ sílé wa, ẹ má jẹ́ kí n tan yín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà màmá mi ní òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Èmi ò gbà títí dòní. Ohun tí wọ́n fẹ́ sun níná, ta ni wọ́n ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́? Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, kí màmá mi tó gé aṣọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé kí n yọ ìrépé yín fún ọmọ mi?"

Àwọn kan ní rárá. Ìyá àgbàlagbà kan ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún òun, títí kan èyí tó tín-ín-rín bí okùn bàtà. Kò sọ ìdí, a ò sì bi í. Gbogbo wa la mọ̀ pé aṣọ ara ẹni kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ń wá wo ibi tí tiwọn wà. Wọ́n á ní, "Ti ìsọmọlórúkọ nìyí," tàbí, "Èyí ni mo wọ̀ nígbà tí wọ́n ń sìnkú bàbá wa." Tẹ́lẹ̀, àwọ̀ nìkan ni mò ń rí. Ní báyìí, kò sí ìrépé kan lára ìbora tó wà lọ́wọ́ mi tí mi ò mọ ẹni tó ni ín.

Ní Gee's Bend, ọkọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Missouri Pettway kú. Ní 1942, ó kó àwọn aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ oko, ó fi wọ́n rán ìbora kí ó lè máa fi bora, kí ó lè máa rántí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Arlonzia, tó bá a ṣiṣẹ́ náà, ló sọ ìtàn yìí. Mo ti rí àwòrán rẹ̀: búlúù tó ti ṣá, eérú, pupa díẹ̀. Ibi orúnkún tó ti gbó ṣì hàn lára rẹ̀.

Ọnà kan ṣì kù tí mo ń kọ́, Flying Geese, onígun mẹ́ta lásán tí wọ́n tò tẹ̀léra wọn. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó rí i lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Ẹ wo etí aṣọ egúngún nígbà tí wọ́n bá jáde: wọ́n ti rán an ní ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. Ìrépé ni aṣọ yẹn náà, ìdílé á sì máa fi tuntun kún un lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n àrán àti dámáàsìkì olówó ńlá ni tiwọn, wọn kì í bá àpò abẹ́ tábìlì ṣeré. Onígun mẹ́ta sì ṣòro: ibi tí èèyàn bá ti gé aṣọ ní ìdábùú, fífà ló máa ń fà. Tèmi ṣì ń wọ́.

Agboolé ńlá tí mo ń rán báyìí, 48 ni yóò jẹ́. Mo ti parí 31. Aṣọ tó mọ́lẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi, èyí tó ṣú ni kò sí mọ́, torí pé láti Kérésì ni gbogbo èèyàn ti ń rán aṣọ ìyẹ́. Ìrépé 102 ni mo nílò, búlúù tó jinlẹ̀, dúdú, búráùn, ewé tó ṣú. Ẹni tó bá ní i nílé, kí ó kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni aṣọ, kí ó kọ orúkọ onítọ̀hún sórí bébà, kí ó ká a sínú rẹ̀, kí ó gbé e wá fún mi. SS2 B, ìjókòó kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò gbọ́dọ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ o.