Orúkọ Wa Nínú Ìwé Àfọwọ́kọ Kan

Ní Igbaye, a máa ń dúró wo àwọn ọmọ ilé-kéú bí wọ́n ti ń fi kálámù àti tàdáwà kọ̀wé Lárúbáwá sára wàláà. Ẹwà rẹ̀ a sì máa wù wá. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni Ahmad Baba ará Timbuktu fi kọ ìwé kan ní ọdún 1615, orúkọ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Kí ni ìwé náà wí? Ó ní a kò gbọdọ̀ mú Mùsùlùmí lẹ́rú. Ó sì ka Yorùbá mọ́ àwọn aláìgbàgbọ́ tí a lè mú. Síbẹ̀, ní ogun Jálumi ní Ìkìrun, ní 1878, àwa tìkára wa ni a ń kó ara wa lẹ́rú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ìkọ̀wé tí ó dára, kí a sì kọ́ wọn láti yẹ ohun tí a kọ wò.