Ta Ni Ó Ni Èèpo Ọsàn?

Nínú gbogbo ohun tí a fi ń ṣe kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́, bóyá ni ọ̀kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré tó ìbora ṣúgà àti omi ọsàn tí àwọn alákéèkì ń pè ní glaze, nítorí pé ohun méjì péré ni ó ń béèrè: ṣúgà tí a lọ̀ kúnná, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ní orúkọ áísìn ṣúgà, àti omi tí a fún láti inú ọsàn. Ife ṣúgà kan, tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 120, àti ṣíbí ìjẹun kan sí méjì omi ọsàn ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀, títí àdàlù náà yóò fi máa ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ṣíbí, kí wọ́n tó dà á sórí kéèkì tàbí báǹsì tí ó ti tutù. Kò gba iná, kò gba ààrò, ọmọdé lè ṣe é. Síbẹ̀ ó ṣeé ṣe kí irú ìbora bẹ́ẹ̀ dán lójú, kí ó dùn lẹ́nu, kí ó má sì ta òórùn ọsàn rárá, ohun tí ó sì ń fà á ni gbólóhùn kékeré kan tí ẹni tí ń ka ìlànà kéèkì ṣíṣe máa ń fò kọjá, èyí tí ó ní kí a rin èèpo ọsàn sínú ṣúgà náà. Ní Terminus, àárín gbùngbùn òwò ìlú Jos ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ọsàn ti máa ń kún ẹ̀bá títì bí àsìkò rẹ̀ bá dé, ọsàn tí ó bá dé ọwọ́ oníbàárà kò ní èèpo tí a lè rin mọ́.

Ọ̀nà tí èèpo náà ń gbà lọ tó ohun tí à ń dúró wò. Ọlọ́sàn a fi ọwọ́ òsì di ọsàn mú, a fi abẹ tàbí ọ̀bẹ mímú lé e lórí, lẹ́yìn náà ọsàn ni yóò máa yí, kì í ṣe abẹ. Èèpo òde a sì máa jáde ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, aláwọ̀ ewé, tí kì í já títí yóò fi dé ìdí, tí ọsàn yóò fi kù ní funfun. Ọ̀já yìí fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Wọn a gé orí ọsàn náà, oníbàárà a fún un mu lórí ìdúró, èèpo a sì bọ́ sínú bárò tàbí sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí ẹsẹ̀ èrò yóò ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òórùn dídùn tí ó máa ń gba imú ẹni nítòsí àwọn ọlọ́sàn kì í ṣe ti omi ọsàn; ti èèpo tí abẹ ń gé ni.

Ìpele méjì ni èèpo ọsàn ní. Èyí tí ó wà lóde, tí ó ní àwọ̀, kún fún àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí òróró wà nínú wọn, ohun tí ó sì lé ní ìdá 90 nínú 100 òróró náà ni èròjà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní limonene. Èyí tí ó wà nínú, tí ó funfun tí ó sì rí fùkẹ̀fùkẹ̀, kò ní irú òróró bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń korò. Omi inú ọsàn ní tirẹ̀, omi, ṣúgà àti ìwọ̀nba kíkan ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ọsàn dídùn, kíkan náà kì í sábà ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lọ, nígbà tí ti ọsàn wẹ́wẹ́ lè tó ìdá 6. Ẹni tí ó bá da omi ọsàn dídùn sí ṣúgà, adùn ni ó dà sórí adùn, kò sì yẹ kí ó yà á lẹ́nu bí ahọ́n bá tètè sú u. Lójú òǹkọ̀wé yìí, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó tọ́ kí a wá kíkan lọ sínú rẹ̀, kí a sì wá òórùn lọ sára èèpo ọsàn dídùn. Ní ti ṣúgà fúnra rẹ̀, omi kì í lè yọ́ ju nǹkan bí ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ nínú ilé tí kò gbóná jù, nítorí náà gíráàmù 30 ni ṣíbí ìjẹun kan lè yọ́ nínú 120 yẹn. Àwọn ìyókù wà bẹ́ẹ̀ ní hóró wẹ́wẹ́ tí ó léfòó, àwọn ni wọ́n ń mú kí ìbora náà funfun, àwọn náà ni wọ́n ń di ara wọn mú nígbà tí omi bá ń gbẹ lọ. Ní àsìkò ọyẹ́ ní Jos, ìlú tí ó ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ìbora náà ń tètè le, ó sì lè sán; ní àsìkò òjò, ṣúgà ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ìka a sì máa lẹ̀ mọ́ kéèkì.

Àwọ̀ rẹ̀ náà ń da ènìyàn láàmú. Ẹni tí ó ti rí àwòrán kéèkì ọlọ́sàn láti Yúróòpù yóò máa retí àwọ̀ ìyeyè tí ó pọ́n, ṣùgbọ́n èèpo ọsàn tí ó ń ti ẹkùn Benue dé Jos yóò tò tóótòòtó aláwọ̀ ewé sára ṣúgà funfun. Kì í ṣe pé ọsàn náà kò gbó. Òtútù òru ni kò rí, nítorí pé òtútù ni ó ń lé àwọ̀ ewé kúrò lára èèpo ọsàn, ilẹ̀ àfonífojì Benue kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀ lóru. Ìgbà tí wọ́n bá ti já a tán ni wọ́n ń gbé e wá sí ìlú olótùútù. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fàyè gbà á ní ọ̀rúndún ogún pé kí wọ́n fi aró pupa kan kun èèpo irú àwọn ọsàn kan kí ojú wọn lè fani mọ́ra, irú ọsàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí alákéèkì sá fún.

Ìrántí kan wà tí kì í jẹ́ kí òǹkọ̀wé lè parí àlàyé yìí ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, títí kan ilé àwọn tí ojú irin àti iṣẹ́ kùsà gbé dé Jos ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọmọdé a máa mú èèpo ọsàn súnmọ́ iná àtùpà lálẹ́, wọn a tẹ̀ ẹ́ po, òróró tí kò ṣeé fojú rí a sì ta sínú iná, iná a ta pàràpàrà bí ìràwọ̀ wẹ́wẹ́, àgbà kan a sì kígbe láti inú yàrá pé ṣé wọ́n fẹ́ jó ilé ni. Lọ́sàn-án, ìyá ilé ti sá èèpo kan náà sóòrùn lórí àwo fẹ̀ǹtẹ̀. Bí ó bá gbẹ, òun ni yóò fi ṣáná sí igi ìdáná, òun ni yóò sun láti fi lé ẹ̀fọn. Àwọn ọmọ yẹn kò gbọ́ orúkọ limonene rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ojú ara wọn rí i tí ó ń jó. Níbi tí àlàyé yìí ti fẹ́ forí lé tẹ́lẹ̀, ẹ̀bi àìmọ̀ ni ì bá rù lé ọlọ́sàn àti oníbàárà lórí; ìrántí àtùpà yìí kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Wọ́n mọ̀ pé nǹkan wà nínú èèpo. Ìdáná ni wọ́n rán an lọ, wọn kò rán an lọ sí ẹnu.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ó ni ín. Èèpo inú ilé ní olóhun: inú àwo ìyá ni ó bọ́ sí, ìyá ni ó sì ń sọ ohun tí a ó fi í ṣe. Èèpo ẹ̀bá títì kò ní olóhun kankan. Láti ìgbà tí iná ti jó ọjà ńlá Jos ní oṣù Kejì ọdún 2002 ni ọ̀pọ̀ òwò tí ó wà lábẹ́ òrùlé ti tú sí ojú títì Terminus. Ojú títì yìí kan náà ni bọ́ǹbù ti dún ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, tí ènìyàn tí ó lé ní 100 sì kú, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó wá tà tàbí tí ó wá rà. Ẹni tí bárò jẹ́ ìsọ̀ fún, tí ó sì lè di dandan fún un láti tì í kúrò nígbàkigbà, kò lè máa tọ́jú ohun tí ẹnikẹ́ni kò san owó fún. Ìdọ̀tí tí a ó gbá ni èèpo jẹ́ lójú ọlọ́sàn. Oníbàárà kò tilẹ̀ rí i.

Oníbàárà yìí kan náà, bí ó bá ra adìẹ lọ́jà tí ó sì san owó fún ẹni tí yóò bá a kùn ún, kì í gbé ojú kúrò lára ọ̀bẹ kí iwe má baà sọnù, nítorí ó mọ̀ pé odidi adìẹ ni òun ra, bí iwe bá sì di àwátì, ariwo yóò sọ. Ṣùgbọ́n ó ra odidi ọsàn, ó jẹ́ kí apá tí ó lóòórùn jù lọ bọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, ó sì tún dúpẹ́ pé wọ́n bá òun bó o. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ti ju ti èèpo ọsàn lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé oníbàárà náà dé ìsọ̀ èròjà kéèkì. Níbẹ̀ ni yóò ti ra ìgò kékeré kan tí ó ní fílévọ̀ ọsàn, ìyẹn omi tí a ń kán sínú kéèkì kí ó lè ta sánsán. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, òróró tí wọ́n fún lára èèpo ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ omi ọsàn ní Brazil máa ń gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì ń tà káàkiri ayé; bí ó bá jẹ́ ayédèrú, èèpo yẹn náà ni wọ́n ń fi kẹ́míkà sín jẹ. Owó ni ó fi ra ohun tí ó ti rà tẹ́lẹ̀.

Àwọn alákéèkì òkè òkun ní irin kékeré kan tí wọ́n dìídì ṣe láti fi rin èèpo òde nìkan, kí ó má kan funfun inú tí ó korò. Ohun tí irin náà ń ṣe ni ọlọ́sàn Terminus ń fi abẹ lásán ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Ìdí tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ó ń fi funfun sílẹ̀ kí ọsàn má baà bẹ́ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń fún un, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ọwọ́ méjèèjì ti ń dúró. Ní Terminus, ẹni tí ó mọ apá tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ glaze kì í ṣe alákéèkì, ọlọ́sàn ni.

Ìyókù kò le. Kí a fi omi mímọ́ fọ ọsàn kí abẹ tó kàn án, nítorí eruku títì, kí abẹ náà sì mọ́. Kí a rẹ́ ọ̀já èèpo náà wẹ́wẹ́, kí a fi ìka pa á pọ̀ mọ́ ṣíbí ṣúgà méjì títí ṣúgà yóò fi rin, tí yóò sì máa ta sánsán, kí a tó dà á mọ́ áísìn ṣúgà. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí a wá máa kán sí i, kí a má ṣe dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Kí òǹkàwé tí ó bá ń lọ sí Terminus mú abọ́ olómòrí dání, kí ó sì ti sọ fún ọlọ́sàn kí ó tó mú abẹ pé èèpo náà ń bá òun lọ sílé.