Ta ni Ó Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kan Ògiri?

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá gbọ́ ti ọ̀tún, tí ó sì gbọ́ ti òsì, tí ẹ̀rí méjèèjì kò bá ara wọn mu ńkọ́? Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó délẹ̀ ní ìlú Róòmù ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1960, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì.

Ìlúwẹ̀ẹ́ 100 mítà ti àwọn ọkùnrin ni. John Devitt, ará Ọsirélíà, àti Lance Larson, ará Amẹ́ríkà, fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀bá ògiri pọ̀. Devitt fúnra rẹ̀ rò pé òun ti pàdánù. Ó kí Larson kú oríire, ó sì jáde kúrò nínú omi.

Ní ìgbà náà, ojú ènìyàn ni a fi ń ṣe ìdájọ́. Adájọ́ mẹ́ta ni ó ń ṣọ́ ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní, mẹ́ta mìíràn sì ń ṣọ́ ẹni tí ó ṣe ipò kejì. Nínú àwọn mẹ́ta ìṣáájú, àwọn méjì dárúkọ Devitt. Nínú àwọn mẹ́ta ìkẹyìn, àwọn méjì ní Devitt ni ó ṣe ipò kejì. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mẹ́ta gbè sẹ́yìn Devitt, mẹ́ta sì gbè sẹ́yìn Larson.

Aago ńkọ́? Aago mẹ́ta ni a fi ka àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti Devitt fi ìṣẹ́jú àáyá 55.2 hàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Larson fi 55.0, 55.1 àti 55.1 hàn. Kò sí ọ̀kan nínú aago wọ̀nyí tí ó gbè sẹ́yìn Devitt. Síbẹ̀, olórí àwọn adájọ́ fi wúrà fún Devitt, a sì yí àkókò Larson padà sí 55.2. Àwọn ará Amẹ́ríkà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n asán ni ó já sí.

A kò lè torí èyí pe àwọn adájọ́ náà ní òpùrọ́. Olúkúlùkù sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Omi ń ta sókè, ọwọ́ àwọn méjèèjì sì yára ju ìṣẹ́jú lọ. Ohun tí ó dun ni ju àṣìṣe ojú lọ ni iye tí a yí padà. Nígbà tí ẹ̀rí tako ìdájọ́, ẹ̀rí ni a tún ṣe, a kò tún ìdájọ́ wò.

Ẹ̀kọ́ náà kò ṣègbé. Ní ọdún 1967, ní Winnipeg ní Kánádà, a fi pátákó tí ń dá aago dúró nígbà tí ọwọ́ bá kàn án sára ògiri adágún. Òlíḿpíìkì Mẹ́síkò lò ó ní 1968. Ṣùgbọ́n ní Munich, ní 1972, nínú ìdíje 400 mítà tí a ti ń lo ọ̀nà ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin, ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni Gunnar Larsson, ará Súwídìn, fi gba wúrà mọ́ Tim McKee, ará Amẹ́ríkà, lọ́wọ́. Kò sí bíríkìlà tí ó lè kọ́ ògiri tí yóò gún régé tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni òfin ṣe padà sí ìdá ọgọ́rùn-ún: ẹni méjì tí iye wọn bá dọ́gba yóò jọ gba ipò kan náà. Ní Rio, ní 2016, nínú 100 mítà ti àwọn obìnrin, Simone Manuel, ará Amẹ́ríkà, àti Penny Oleksiak, ará Kánádà, jọ lo 52.70. Àwọn méjèèjì gba wúrà, ẹnikẹ́ni kò sì bínú.

Olùkọ́ pẹ̀lú jẹ́ adájọ́. Ó ń mú aago dání níbi eré ìje ọmọ ilé-ìwé, ó sì ń fi máàkì sí ìwé ìdánwò. Àṣìṣe lè bá a, nítorí ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n bí iye tí ó wà lórí ìwé bá tako èrò rẹ̀ nípa ọmọ kan, kí ó tún èrò náà rò, kí ó má ṣe fọwọ́ kan iye náà. Bí kò bá sì lè rí ìyàtọ̀ láàárín ọmọ méjì, kò sí ìtìjú nínú kí ó wí pé wọ́n dọ́gba.