Ojú Tó Ṣókùnkùn Kì Í Ṣe Ikú

Bí ojú laptop bá ṣókùnkùn lójijì, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ ni pé, "Ó ti kú." Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé kò kú rárá. Ó jí, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò kàn rí ojú fi bá wa sọ̀rọ̀ ni. Inú hard disk ni iṣẹ́ tí a ti tẹ̀ wà, kì í ṣe inú skírìnì. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní sáré kó owó oúnjẹ lé ohun tí kò nílò.

Àwa mẹ́rin la jọ ń lo laptop kan. Tòkunbọ̀ ni, ó sì ti dàgbà. Orí rẹ̀ la ti ń ṣe àdàkọ ẹkún ìyàwó tí a gbà sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, fún iṣẹ́ àjọṣe wa nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Ohùn àwọn ìyá náà wà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ojú ìwé 60 tí a ti tẹ̀, tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin kí a tó fi àmì ohùn sí i, orí laptop yìí ló wà.

Àmì dúdú kékeré kan la kọ́kọ́ rí. Ó bọ́ sábẹ́ "rò", ó sọ ọ́ di "rọ̀". Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn! A yí ojú ìwé sókè: ọ̀rọ̀ lọ, àmì dúró. Ara skírìnì ló wà nìyẹn, kì í ṣe inú iṣẹ́ wa. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìlà gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú rẹ̀ kọjá. A ṣe screenshot, a fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń yà dára, ojú ọ̀nà ló ti ń bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó ku ọjọ́ 10 tí a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn.

Ẹnjiníà tí a kọ́kọ́ gbé e lọ bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò tú u, ó ní, "Skírìnì ti lọ." Owó tó bèèrè ju ìdajì iye tí a fi ra laptop náà lọ. A kò bá a jiyàn. A ní a ń bọ̀, a gbé e padà sí yàrá. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, la bá jókòó bi laptop fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin.

Àkọ́kọ́: ṣé o jí? A tàn án, a gbọ́ tí fáànù ń yí. A tẹ Caps Lock, iná rẹ̀ tàn, a tún tẹ̀ ẹ́, ó kú. Ó jí nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ó ń ké pí-pí-pí tí kò sì ṣí ni, à bá kọ́kọ́ wo RAM: ká pa á, ká yọ ṣájà àti bátìrì, ká yọ RAM náà, ká nu ẹnu rẹ̀, ká tún un kì bọ̀ ọ́ dáadáa.

Ìkejì: ṣé àwòrán wà tí kò kàn sí iná? A pa iná yàrá, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, a dà á gba ẹ̀gbẹ́ skírìnì. Bí a bá rí lẹ́tà bàìbàì, iná ẹ̀yìn skírìnì ló kú. Àwa kò rí nǹkan kan.

Ìkẹta: ṣé o lè fi ojú ẹlòmíràn ríran? A gbé e lọ sí kíláàsì, a so ó mọ́ projector, a tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú P. Ẹkún ìyàwó wa yọ gàgàrà sára ògiri! Ariwo tí a pa, àwọn tó ń kàwé ní yàrá kejì yọjú wò wá. Lójú ẹsẹ̀ la da gbogbo iṣẹ́ náà sí flash méjì. Láti ìgbà yẹn, owó nìkan ló kù tó ń dùn wá.

Ìkẹrin: ṣé oríkèé rẹ ló ń dùn ọ́? A ń ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣí dé ìdajì, àwòrán dé. A ṣí i síwájú sí i, ó lọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gba ibi oríkèé yẹn kọjá láti inú laptop dé skírìnì. Bí a bá ti ń ṣí i tí a ń pa á dé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wáyà náà lè gé díẹ̀díẹ̀.

A gbé e lọ bá ẹnjiníà mìíràn, a sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tú u níṣojú wa, ó fi ibi tí wáyà ti họ hàn wá, ó pààrọ̀ rẹ̀. Skírìnì kò ní àrùn kankan yàtọ̀ sí àmì dúdú kékeré yẹn. Owó tí a san kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí ti àkọ́kọ́ bèèrè, a sì fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ.

Bí tiyín bá ṣókùnkùn lọ́la, ẹ má tíì ká owó. Ẹ wá projector tàbí tẹlifíṣọ̀n tó ní ojú HDMI, ẹ so ó mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ yín bá yọ, ẹ kọ́kọ́ dà á síbòmíràn, kí ẹ tó lọ bá ẹnjiníà. Kí ẹ sì ní kó tú u níṣojú yín.