Àwọn Ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà títì láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì yóò la àárín ìlú mẹ́ta kọjá tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Ọ̀jọ́ wà lápá òsì, níhà ọ̀sà; Ìbà wà lápá ọ̀tún; Òkòkòmáíkò sì wà níwájú, lójú títì gan-an. Ta ni àwọn tí ń gbé ibẹ̀, báwo ni wọ́n sì ti pọ̀ tó?

Àwọn Àwórì ni onílẹ̀. Ìtàn àwọn àgbà wọn sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba wọn ti tẹ̀lé àwo kan tí ó ń léfòó lórí omi, títí ó fi rì ní Ìṣẹ́rí. Ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti wá. Ọlọ́jọ́ ni ọba Ọ̀jọ́, Oníbà sì ni ti Ìbà. Oko ríro àti ẹja pípa ni iṣẹ́ àwọn baba ńlá wọn. Létí omi ni àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ, tí í ṣe apẹja, bá wọn tẹ̀dó sí.

Lẹ́yìn náà ni àlejò púpọ̀ wọlé. Ní ọdún 1983, nígbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande, a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kún ilé àwọn ará Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Ọjà Alábà, níbi tí a ti ń ta rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì, kó àwọn oníṣòwò Ìgbò jọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn Hausa ní ọjà tiwọn, Alábà Rago. Rago ni wọ́n ń pe àgbò ní èdè wọn. Bárékè àwọn ọmọ-ogun sì kó ẹ̀yà gbogbo wá.

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, iye tí ìjọba àpapọ̀ kà fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ súnmọ́ 600,000. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ka tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ó sì lé ní 900,000. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí iye ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń pín owó ìjọba, òun ni a sì fi ń mọ iye ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tí ó yẹ ìlú. Láti ìgbà náà a kò tíì ka Nàìjíríà mọ́. Èyí tí a ṣètò fún ọdún 2023 ni a sún síwájú.

Bí àkókò ìkànìyàn bá dé, ọ̀pọ̀ a máa di ẹrù, wọn a sì lọ sí ìlú baba wọn kí a lè kà wọ́n níbẹ̀. Jósẹ́fù lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nítorí àṣẹ Késárì ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2006, ibi tí a bá bá ènìyàn ni a ti kà á. Ọmọ tí ń kàwé ní Òkòkòmáíkò, tí a lọ kà níbòmíràn, kò ní àga ní kíláàsì lójú ìwé ìjọba.

Ẹ̀rù ń ba onílẹ̀ pé àlejò yóò pọ̀ ju òun lọ. Ẹ̀rù ń ba àlejò pé lọ́jọ́ kan a ó sọ fún òun pé òun kì í ṣe ará ibẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń rìn, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Àwọn àgbà ní, ibi tí a bá ń gbé ni à ń ṣe. Kí onílẹ̀ gbà kí a ka àlejò. Kí àlejò má sì sá lọ. Kí baba ilé ka gbogbo ẹni tí ń sùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀, títí kan ọmọ-ọ̀dọ̀ àti ọmọ ọwọ́. Olúwa wa mọ iye irun orí wa. Ẹ jẹ́ kí ìjọba mọ iye orí.